RAM Kún, Kọ̀ǹpútà Ń Fà: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀rọ Kan ní Agbówó

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Agbówó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ń tẹ ìwé níbẹ̀, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n ń scan ìwé-ẹ̀rí, wọ́n sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di project. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo iṣẹ́ yìí: desktop tòkunbọ̀ tó ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) 4GB, irú DDR3, pẹ̀lú hard disk 500GB, irú èyí tó ń yí nínú. Linux Mint 21 ló wà lórí rẹ̀ dípò Windows. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra RAM mìíràn, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé èyí tó wà níbẹ̀ ti kún. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnìkan kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ náà wò kí owó tó jáde.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe gan-an, nǹkan méjì ni wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹyọ kan. Èkíní, LibreOffice, tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, máa ń pẹ́ kó tó ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n tì í pa. Oníbàárà á jókòó, á máa wo ojú kọ̀ǹpútà, wọn á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Èkejì, lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rọ á háǹgì pátápátá: máàsì ò ní lè rìn, iná pupa hard disk á tàn láìkú, ó di kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó tó pa. Iṣẹ́ tí wọn ò tíì séèfù á lọ. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń pẹ́ kó tó ṣí nǹkan àti ẹ̀rọ tó ń háǹgì kì í sábà ní ìdí kan náà.

Ẹ̀rí tí wọ́n ní pé RAM ti kún kò ju àṣẹ kan lọ. Ọmọ náà ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ó tẹ free -h, tó ń fi iye RAM hàn, ó sì na ìka sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. RAM 3.7, èyí tó ṣẹ́kù ò tó 200MB, bẹ́ẹ̀ a ò tíì ṣe nǹkan kan láàárọ̀ yìí.” Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

total 3.7Gi, used 1.3Gi, free 187Mi, shared 212Mi, buff/cache 2.2Gi, available 1.9Gi
Swap: 0B, 0B, 0B

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ nípa nọ́ńbà tó kà. Nọ́ńbà yẹn ni kò jẹ́ ẹ̀rí ohun tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́yìn.

Òpó free ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. RAM tí ohunkóhun ò tíì wọ inú rẹ̀ ló ń kà: kò sí ètò (program) níbẹ̀, kò sí fáìlì níbẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. Lórí Linux, bí ẹ̀rọ bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ó yẹ kí nọ́ńbà yẹn kéré. Hard disk tó ń yí lọ́ra gidigidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ RAM. Bí fáìlì bá tò léra wọn lórí rẹ̀, ó lè ka nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, orí tó ń kà nínú rẹ̀ ní láti máa sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, ohun tó ń kà á sì já wálẹ̀ sí MB díẹ̀. DDR3 ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún MB láàárín àkókò kan náà. Nítorí èyí, nígbàkúùgbà tí ètò kan bá ka fáìlì, kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń pín RAM fún àwọn ètò, kì í sọ ohun tó kà nù. Ó ń fi í pamọ́ sínú RAM tó bá ṣófo, ní ègé ègé 4096 bytes, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún béèrè rẹ̀. Òun là ń pè ní page cache. Bí ètò kan bá wá béèrè RAM fún ara rẹ̀, kernel á ju àwọn ègé tí wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n lò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì fún un láyè. Fáìlì náà ṣì wà lórí disk. Kò sí ohun tó sọnù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi gbogbo ohun tó bá wà nínú RAM: ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí disk? Bí ó bá wà, kernel lè jù ú sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Bí kò bá sí, kò gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yìí, àti èyí tí wọn ò tíì kíyè sí, inú ìbéèrè yìí ló wà.

Òpó available ló ń dáhùn rẹ̀. Ó ń sọ iye RAM tí ètò tuntun lè rí gbà láìjẹ́ pé ẹ̀rọ sá lọ bá swap, ìyẹn àyè lórí disk tí kernel ń gbé ohun inú RAM sí fún ìgbà díẹ̀. Kernel 3.14, tó jáde ní 2014, ló kọ́kọ́ ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, MemAvailable ló ń jẹ́ nínú /proc/meminfo. Kó tó dìgbà náà, olúkúlùkù ló ń ro ó fúnra rẹ̀, á ro free pọ̀ mọ́ cache, á sì ṣì í rò, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí òpó buff/cache ń kà ló ní ẹ̀dà lórí disk. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo dé ọ̀hún, available jẹ́ 1.9Gi nínú 3.7Gi. Ìdajì RAM ló wà nílẹ̀ fún iṣẹ́. RAM ò kún.

Kí ló wá ń mú LibreOffice pẹ́? Bí cache bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ètò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì pa tètè ṣí lẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ sudo dmesg -T láti wo ohun tí kernel ti ń kọ sílẹ̀. Ìlà kan náà ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nọ́ńbà inú àkámọ́ nìkan ló ń yí padà:

sh (20417): drop_caches: 3

Bí a bá wo aago ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Mo tẹ sudo crontab -l láti wo iṣẹ́ tí wọ́n ní kí cron máa ṣe fúnra rẹ̀ ní àkókò kọ̀ọ̀kan, ó sì hàn kedere:

*/10 * * * * sync; echo 3 > /proc/sys/vm/drop_caches

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Ó sọ fún wọn pé yóò máa fọ RAM. Ohun tí àṣẹ yìí ń ṣe ni pé ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń pàṣẹ fún kernel pé kó ju gbogbo cache tó ṣeé jù sílẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n máa nílò láìpẹ́. Àwọn tó ń kọ kernel fi drop_caches sínú rẹ̀ láti ìgbà 2.6.16, ní 2006, kí àwọn tó ń dán nǹkan wò lè rí i bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nígbà tí cache ṣófo. Ìwé àlàyé kernel fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a fi ń dín cache kù.

Mo fi í han ìyá oníṣọ́ọ̀bù lójú wọn, nítorí owó wọn ni. Fídíò kan wà lórí ẹ̀rọ náà tó tó 700MB. Mo ní kí ẹ̀rọ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú time cat, kó má fi hàn, kó kàn kà á ni. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 6.8. Mo ní kó tún un kà lójú ẹsẹ̀: 0.2. Mo fọwọ́ ara mi ju cache sílẹ̀ bí cron ti ń ṣe, mo ní kó tún un kà: ó padà sí nǹkan bíi méje. Ìyá náà ń wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní, “Injínnià, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹnìkan pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù, tó tún ń dà á nù ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí dúrọ́ọ̀mù lè ṣófo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ibi kànga ló ń sáré lọ nígbà tí LibreOffice ń pẹ́.”

Mo tẹ free -h lẹ́yìn tí mo ju cache sílẹ̀. Free ti fò sókè láti 187Mi dé 1.9Gi. Ẹni tó bá ń wo òpó yẹn nìkan á rò pé iṣẹ́ ńlá ti ṣe. Ṣùgbọ́n available, tó jẹ́ 1.9Gi tẹ́lẹ̀, di 2.0Gi. Àǹfààní tí gbogbo ìfọ̀ yẹn mú wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ wọn ni pé gbogbo fáìlì LibreOffice, gbogbo fọ́ǹtì, gbogbo àwòrán kéékèèké orí ojú kọ̀ǹpútà tún ní láti ti orí hard disk wá. Buff/cache ò sì lọ sí òdo, ó dúró sí bíi 500Mi, nítorí drop_caches kì í já àwọn ègé tí ètò ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í fọwọ́ kan ohun tí òpó shared ń kà.

Mo yọ ìlà cron náà. Nígbà tí ìlà yẹn ṣì wà, LibreOffice Writer ń lo ohun tó lé ní 20 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó ṣí lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ́, ìṣíkíní òwúrọ̀ ṣì ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí RAM kì í rántí ohunkóhun lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n láti ìṣíkejì lọ, bíi mẹ́rin péré ni. Ọ̀ràn kíní parí síbẹ̀.

Inú mi ò dùn sí iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta. Irú ìfọ̀ RAM bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígboro, lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, ènìyàn sì ń sanwó fún un. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ń fi náírà lé náírà láti ra ohun tí kò nílò, nítorí ẹnìkan wo òpó kan, kò wo èyí tó wà níkangun.

Ọ̀ràn kejì gba sùúrù. Mo fi watch -n 2 free -h, tó ń tún nọ́ńbà wọ̀nyẹn fi hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì, sílẹ̀ ní igun ojú kọ̀ǹpútà, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé project àtijọ́ kan wá pé kí wọ́n bá òun scan rẹ̀ di PDF. Firefox wà ní ṣíṣí pẹ̀lú WhatsApp àti ojú ìwé tí wọ́n ti ń gbé email jáde. LibreOffice náà wà ní ṣíṣí. Ọmọ náà ń gbé ìwé sórí ẹ̀rọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwa méjèèjì ń wo igun yẹn. Used ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Shared ló ń gòkè: 400Mi, 600Mi, 900Mi. Bó ṣe ń gòkè ni available ń sọ̀ kalẹ̀. Kó tó di pé ìwé náà parí, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni:

used 1.9Gi, free 96Mi, shared 1.5Gi, buff/cache 1.7Gi, available 131Mi

Iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láìkú. Máàsì fò lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún fò. Mo ní kí ọmọ náà má fọwọ́ kan nǹkankan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú ìwé Firefox kan kú fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ sì mí. Nínú dmesg, kernel kọ ọ́ sílẹ̀ pé:

Out of memory: Killed process 4127 (Isolated Web Co)

Orúkọ tí àwọn ẹ̀ka Firefox tó ń gbé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nìyẹn, a gé e kúrú ni. Kernel ti wo gbogbo ètò tó wà níbẹ̀, ó yan ọ̀kan, ó pa á kí ìyókù lè yè.

Ẹ padà wo ìlà tó wà lókè yẹn. Buff/cache jẹ́ 1.7Gi. Ẹni tó bá gbọ́ pé cache ṣeé gbà padà nígbàkúùgbà á sọ pé kò yẹ kí ẹ̀rọ yìí ní ìṣòro, nígbà tí 1.7Gi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n shared gba 1.5Gi nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú shared, inú RAM nìkan ló ń gbé. Kernel ń kà á mọ́ cache nítorí pé bákan náà ni wọ́n ṣe tò wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè jù ú sílẹ̀, torí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn.

Kí ló wà níbẹ̀? Mo tẹ df -h /tmp, ó dáhùn pé tmpfs (àyè fáìlì tó ń gbé inú RAM dípò orí disk) ni /tmp, pé ó tó 1.9G, wọ́n ti lo 1.3G. Mo wo inú rẹ̀: oju1.tif, oju2.tif, oju3.tif, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi lé ní 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan 25M. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀ yẹn ló kọ ètò kékeré kan fún wọn tó ń lo scanimage, àṣẹ tí a fi ń scan: ó ń gbé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sínú /tmp ní àwọ̀ mèremère, ní 300 dpi (àmì 300 nínú ínṣì kan), lẹ́yìn náà ó ń so wọ́n pọ̀ di PDF. Òun náà ló sì fi ìlà kan sínú /etc/fstab, fáìlì tí ẹ̀rọ ń kà nígbà tó bá ń tàn láti mọ ibi tí fáìlì àti swap ń gbé, tó sọ /tmp di tmpfs, kí scan lè yá. Kò sí ibì kankan nínú ètò náà tó ti ń pa àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn rẹ́ lẹ́yìn tí PDF bá ti jáde. Wọ́n ń dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìwé A4 ní 300 dpi jẹ́ àmì 2480 ní ìbú àti 3508 ní òró. Àmì kọ̀ọ̀kan ń gba bytes 3 bó bá jẹ́ aláwọ̀. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 26MB fún ojú ìwé kan, nítorí TIFF tí scanimage ń kọ kì í fún nǹkan pọ̀. Ojú ìwé 40 ti lé ní 1GB. tmpfs, bí ẹnikẹ́ni ò bá fún un ní òdiwọ̀n, lè gba títí dé ìdajì RAM. Lórí ẹ̀rọ 4GB, ìdajì yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Kì í ṣe pé tmpfs burú. Fedora, irú Linux mìíràn, ti ń lò ó fún /tmp tipẹ́, Debian 13 náà sì ti gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì kéékèèké tó ń wá tó ń lọ ni /tmp wà fún, kì í ṣe odidi project.

Ohun kan ṣì wà tó sọ ọ́ di háǹgì dípò kó kàn lọ́ra. Ẹ rántí ìlà Swap: òdo, òdo, òdo. Nínú /etc/fstab, wọ́n ti fi # dí ìlà /swapfile, kí ẹ̀rọ má bàa kà á. Wọ́n sọ fún wọn pé swap ń ba hard disk jẹ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí swap. Ohun tí ètò kó sínú RAM fún ara rẹ̀, bí lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí wọn ò tíì séèfù, kò ní ẹ̀dà lórí disk. Ohun tó wà nínú tmpfs kò ní ẹ̀dà. Swap nìkan ni ibi tí kernel lè gbé wọn sí fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá sí swap, kò sí bó ṣe lè gbé wọn kúrò. Kí ló wá kù tó lè jù sílẹ̀? Àwọn ègé tó ní ẹ̀dà lórí disk nìkan, nínú wọn sì ni àwọn ètò fúnra wọn wà: Firefox, LibreOffice, èyí tó ń ya máàsì sójú kọ̀ǹpútà. Kernel á ju ègé Firefox kan sílẹ̀ kó lè rí àyè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, Firefox á nílò ègé yẹn gan-an, wọ́n á tún lọ kà á láti orí disk. Kí wọ́n lè rí àyè gbé e sí, wọ́n á ju ègé LibreOffice sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa yí i. Ìdí nìyẹn tí iná pupa ò fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń séèfù ohunkóhun. Yíyọ swap kúrò ò gba hard disk náà sílẹ̀, òun ló ń lò ó lálòpa.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó kankan. Mo yọ ìlà tmpfs kúrò nínú fstab, /tmp padà sórí disk. Mo yí ètò scan náà padà kó máa gbé ojú ìwé sínú fódà kan lórí disk, kó sì pa wọ́n rẹ́ bí PDF bá ti jáde láìsí àṣìṣe. Mo ní kó máa scan ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní dúdú ní Gray, kì í ṣe Color. Ojú ìwé kan á di nǹkan bíi 8.7MB, ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì sí oníbàárà tó máa rí ìyàtọ̀. Mo yọ # kúrò níwájú /swapfile, 2GB ni, mo tẹ sudo swapon -a. Swappiness, nọ́ńbà tó ń sọ bí kernel ṣe máa ń tètè lo swap tó, wà ní 60, bí wọ́n ti máa ń gbé e wá, n kò sì rí ìdí láti yí i padà.

Àwọn fáìlì scan tuntun ṣì ń gba inú RAM kọjá o. Bí wọ́n ti ń wọ orí disk, ẹ̀dà wọn ń dúró nínú cache. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ilé lórí disk báyìí, kernel lè ju ẹ̀dà inú RAM sílẹ̀ nígbà tí Firefox bá béèrè àyè. Fáìlì kan náà, ìwọ̀n kan náà, kò pa ẹ̀rọ lára mọ́. Nígbà tí a tún scan ìwé tó gùn bí ti tẹ́lẹ̀, available ò sọ̀ kalẹ̀ ju 1.2Gi lọ. Mo ṣí /proc/pressure/memory, tó wà láti kernel 4.20: some avg10=0.00. Ìtumọ̀ èyí ni pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó kọjá, kò sí ètò kankan tó dúró de RAM.

Ọmọ náà béèrè ìbéèrè kan tó dára: kí ló dé tó jẹ́ pé bí òun bá ro òpó RES (iye RAM tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò) gbogbo ètò pọ̀ nínú top, àṣẹ tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, ó ju 3.7GB lọ? Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Firefox ló ń pín ègé kan náà lò, top sì ń ka ègé yẹn sí ọrùn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. PSS, tó wà nínú smaps_rollup ètò kọ̀ọ̀kan lábẹ́ /proc, ló ń pín in dọ́gba láàárín wọn.

Ohun kan ṣẹ́kù tí wọn ò fi pè mí, ṣùgbọ́n mo rí i kí n tó kúrò. Oníbàárà kan fẹ́ gba fáìlì 180MB sínú fláàṣì 64GB rẹ̀. Ọmọ náà ṣe copy, ìlà aláwọ̀ ewé sáré dé òpin kíákíá, ó sì na ọwọ́ láti fa fláàṣì náà yọ. Mo dá a dúró, mo sì tẹ grep Dirty /proc/meminfo:

Dirty: 171204 kB

Cache ń ṣiṣẹ́ fún kíkọ náà, kì í ṣe fún kíkà nìkan. Bí ètò bá ní kí wọ́n kọ fáìlì, kernel á gbà á sínú RAM, á sọ fún ètò pé ó ti tán, á sì máa kọ ọ́ sórí disk lẹ́yìn náà ní ìrọ̀rùn. Ohun tó bá ti tó 30 ìṣẹ́jú-àáyá nínú RAM láì tíì kọ, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Fláàṣì olówó pọ́ọ́kú lè máa gba 5MB tàbí 6MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, 171204 kB tó wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ fáìlì oníbàárà tí kò tíì dé inú fláàṣì rẹ̀. Ká ní ó fà á yọ, akẹ́kọ̀ọ́ náà á délé bá fáìlì tí kò ṣeé ṣí, á sì rò pé fláàṣì òun ló bàjẹ́. Ọmọ náà sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan, wọ́n tilẹ̀ ti bá àwọn jà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni: ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí disk? Níbí, kò tíì sí. Kí wọ́n tẹ àmì ìyọ fláàṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú fódà, kí wọ́n dúró títí ẹ̀rọ á fi sọ pé ó ti ṣeé yọ. Ẹni tó bá wà nínú terminal lè tẹ sync. Àṣẹ náà ò ní padà títí gbogbo rẹ̀ á fi dé ibi tó ń lọ. Ohun kan náà ló kan iná tó ń lọ lójijì, tí a mọ̀ dáadáa n'Ìbàdàn. Ohun tó wà nínú Dirty nígbà tí iná lọ, ó bá iná lọ. UPS ṣọ́ọ̀bù náà ò gbé ẹ̀rọ mọ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo sọ fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù pé bátìrì UPS ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí iwájú nínú owó tí wọ́n kó jọ.

Wọ́n béèrè pé ṣé àwọn ò wá ní ra RAM mọ́ rárá. Mo ní kí wọ́n ra SSD ṣáájú. RAM ò lè mú ìṣíkíní òwúrọ̀ yá, nítorí cache máa ń ṣófo lójoojúmọ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ ní láti ti orí disk wá lẹ́ẹ̀kan. SSD kò ní orí tó ń sáré kiri, kò sì sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Lórí okùn SATA 3, ó lè ka bíi 500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fáìlì tó fọ́n káàkiri ò sì dààmú rẹ̀ bó ṣe ń dààmú hard disk. Ìgbà tí wọ́n máa mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti ra RAM ni ìgbà tí available bá ń wà lábẹ́ 300Mi fún ìgbà pípẹ́ láàárín iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, tí òpó si àti so nínú vmstat 1, tó ń ka ohun tó ń ti swap wá àti ohun tó ń lọ sínú rẹ̀, ò sì dákẹ́. Ihò méjì ló wà lórí bọ́ọ̀dù náà, ọ̀kan ṣófo, nítorí náà wọn ò ní láti yọ èyí tó wà níbẹ̀ dànù. Kí wọ́n sáà rí i pé DDR3 ni wọ́n rà, torí DDR4 kò ní wọ ihò náà.